Eruku Àyà Aṣọ Dàpọ̀

Ìyá Fúnmi ni wọ́n ń pè mí kí n tó dé Minna. Nígbà tí mo fi máa lo ọdún díẹ̀ níbẹ̀, mo ti di Maman Dàpọ̀, nítorí Dàpọ̀ ni ọmọ tí wọ́n ń rí lẹ́yìn mi. Fúnmi, àkọ́bí mi, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Orúkọ méjèèjì ni mo ń jẹ́, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lẹ́yìn odi. Èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe máa ń rí lára mi tí ẹnì kan bá pe ọ̀kan tí mo sì rántí èkejì.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo tẹ̀lé ọkọ mi débẹ̀. Káfíńtà ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Minna títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì sọ fún wa pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ pọ̀ lápá ibẹ̀, pé Àbújá ò jìnnà. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé ní Àbújá yẹn ni ọkọ mi máa wà, èmi ni màá wà ní Minna. Ó máa ń wálé ní ìparí oṣù. Oṣù mìíràn kì í ní ìparí.

Yàrá kan la gbà ní Limawa, nínú agboolé kan tó jẹ́ pé àwa nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Èdè ló kọ́kọ́ lé mi wọ yàrá. Èmi tí mo lè dúró lójú ọ̀nà bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí ṣàwàdà títí ọbẹ̀ á fi jóná nílé, mo wá di odi. Tí mo bá fẹ́ ra ata, màá nàka sí i, màá tún nàka fún iye tí mo fẹ́ san. Obìnrin tó ń tà á á wo ìka mi, á sọ nǹkan fún ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bú.

Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó kan tó ń ta ẹran, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ó ya bàbá náà lẹ́nu débi pé ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó rò pé mo wá tọrọ ni. Ó gé ègé kan, ó wé e fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Kí ni màá ṣe? Mo gbà á, mo lọ sè é, mo sì sunkún lé e lórí kí n tó jẹ ẹ́. Ó dùn o.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń nira jù. Láàárọ̀, omi wà láti pọn, ilẹ̀ wà láti gbá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn obìnrin agboolé bá jókòó sórí ẹní tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, inú yàrá ni màá wà, màá máa gbọ́ ọ bíi rédíò ẹlòmíràn. Tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, màá sọ fún ara mi pé ó ń lọ sápá Ìlọrin, pé ẹnì kan nínú rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀, á sì rí ẹni sọ Yorùbá fún.

Ladi, ìyàwó ọmọ onílé, ló yọ mí. Ó bá mi níbi tí mo ti ń di irun fún Fúnmi, tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ó dúró, ó wo ọwọ́ mi, ó wo orí ọmọ náà, ó wá fọwọ́ kan orí tirẹ̀. Mo dì í lórí. Ní ọjọ́ kejì ó mú àbúrò ọkọ rẹ̀ wá. Kó tó di pé oṣù náà parí, mo ti di mai kitso, ìyẹn onídìrí, gbogbo àdúgbò sì mọ ọ̀nà pèpéle mi. Orí àwọn obìnrin yẹn ni mo fi kọ́ Hausa. Ẹni tí orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ kò lè sá lọ, dandan ni kó máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún aláta yẹn pé, "Haba, ki rage mini mana," tó sì dín owó kù fún mi lóòótọ́, ńṣe ni mo ń rìn bíi olorì délé.

*

Nígbà tí mo bí Dàpọ̀, ìyá ọkọ mi wá wẹ ọmọ. Màámi la máa ń pè é. Obìnrin tí kò mọ ìjókòó ni. Ó wẹ ọmọ, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn, ó fọ gbogbo ohun tó ṣeé fọ̀ nílé, ó wá ń wá èyí tó kù kiri. Nígbà tó ń múra àtilọ, ó ní:

"Jẹ́ kí n bá ọ gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ. Ọmọ méjì, ọkọ ò sí nílé, nínú ìlú Gàmbàrí. Wàá ya wèrè."

Ó pọn Fúnmi lọ. Àánú ló fi ṣe é, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa. Oṣù mélòó kan la sọ. Oṣù yẹn di ọdún, ọmọ bẹ̀rẹ̀ iléèwé níbẹ̀, wọ́n ní kí a má wulẹ̀ máa gbé e kiri mọ́. Nígbà tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún méje. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán mà, Ìyá Minna."

Ìyá ọkọ mi ni òun náà ń pè ní Màámi.

Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àṣà àwa Yorùbá Minna ni. Bí Hausa bá ti ń pọ̀ jù lẹ́nu ọmọ, wọn á fi ránṣẹ́ sílé kó lọ kọ́ Yorùbá àti ẹ̀kọ́ ilé. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tí a ń lọ, ìdílé tí kò ní ọmọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ ò pọ̀. Àwọn ìyá á máa fi yangàn pé, "Tèmi ti gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ báyìí." Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá délé, màá bọ́ gèlè, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú á sì máa bí mi sí ẹni tí mi ò mọ̀.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fóònù. Ìyá ọkọ mi ò ní fóònù. Kẹ́míìsì kan tó kọjú sí ilé rẹ̀ ló ní, nítorí náà màá kọ́kọ́ pè wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ pè é, màá gbé e sílẹ̀, màá dúró díẹ̀, màá tún padà pè. Màámi kò gbà pé wáyà lè gbé ohùn láìjẹ́ pé èèyàn pariwo. Gbogbo kẹ́míìsì ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa.

"Fún ọmọ mi ní fóònù!"

Màá gbé e sí Dàpọ̀ létí.

"Mama, ina wuni," ni Dàpọ̀ máa ń wí. Á rántí, á ní, "Ẹ káàsán."

"Ta nìyẹn? Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ Gàmbàrí, ẹ fún ọmọ mi!"

Àwàdà ló ń ṣe. Àmọ́ àwàdà àgbà, abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Ọ̀rọ̀ náà jáde nígbà tí a lọ ṣe Kérésì nílé. Dàpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹta nígbà náà, àánú ni wọ́n sì fi gbé e wọ̀ ọ́, nítorí òun ló gbẹ̀yìn ní kíláàsì kejì. Màámi ní kó wá ka nǹkan fún òun. Kò kà. Ó ní kó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kò sọ. Ó wo ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ya nǹkan sí i.

Màámi ò bínú. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní, "Ìyá ẹ̀ ń gbìyànjú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni. Tí ọmọ yìí bá tún fìdí rẹmi lópin ọdún ẹ̀kọ́ yìí, mo ń bọ̀ wá mú un. Kó wá bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbí."

Ọkọ mi ní, "Màámi, a ti gbọ́." Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní, "Òun náà ló tọ́ mi. Ṣé mo burú ni?" 

Mo mọ bó ṣe máa rí. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, èkejì náà á dé láti họlidé, á dọ̀bálẹ̀ dáadáa, á pè mí ní Ìyá Minna. Èmi á wá di ìyá ọmọ méjì tí kò ní ọmọ kankan nílé.

*

Bí a ṣe dé láti ilé ni mo ti dìde sí Dàpọ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́: kó mọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan ń bá èkejì jà.

Mo ní kò gbọdọ̀ kí àgbà mọ́ láìdọ̀bálẹ̀, dọ̀bálẹ̀ tòótọ́, kí àyà kanlẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Mo ní tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kó dákẹ́. Tí wọ́n bá bá a wí, kó wolẹ̀. Ọmọ tó ń wo àgbà lójú, ọmọ tó ń fèsì, wọn á ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Mo fi ohùn kọ́ ọ, mo sì fi ọwọ́ kọ́ ọ nígbà mìíràn. Dàpọ̀ gbọ́ràn. Ká sọ òótọ́, kò sí ọmọ tó gbọ́ràn bí i rẹ̀ ní gbogbo Limawa.

Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí. Ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé wọn funfun. Lójoojúmọ́ tó bá dé, eruku pupa á ti kún àyà rẹ̀, láti ọrùn dé ìdodo. Ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun nini. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni.

"Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń fi àyà gbá níléèwé yín?"

Á dákẹ́, á wolẹ̀. Èmi á fọṣọ, èmi á sì máa ráhùn. Nígbà tó yá, eruku náà kò wá mọ́. Mo ní a dúpẹ́, ọmọ ti gbọ́ràn. Mi ò mọ̀ pé ibi tí eruku ti dáwọ́ dúró gan-an ni ọ̀rọ̀ ti burú sí i.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ bi tíṣà rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyá tó bá ń lọ síléèwé ọmọ, ìjà ló lọ jà. Èèyàn á fa ọmọ lé tíṣà lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á ní, "Ẹ bá wa tọ́ ọ," ó tán, ó kù sọ́wọ́ tíṣà. Kí èèyàn tún máa lọ yọjú ní fèrèsé, àfojúdi ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Hausa orí pèpéle ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ Hausa ọ́fíìsì. Gẹ̀ẹ́sì tèmi sì mọ ní ìwọ̀nba tí mo kó kúrò ní kíláàsì kẹfà. Bíbélì Yorùbá nìkan ni mo lè kà tí ẹnu mi ò ní wárìrì.

*

Nígbà tí Sálà, ọdún àwọn Mùsùlùmí, kù dẹ̀dẹ̀, pèpéle mi kún. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló fẹ́ dirí. Arábìnrin kan wà tí Ladi mú wá láti àdúgbò Nassarawa, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, Malama Rakiya ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé tíṣà ni, nítorí tíṣà obìnrin ni Hausa ń pè ní Malama, àmọ́ tíṣà pọ̀ ní Minna. Mo ti dì í dé ìdajì nígbà tí Dàpọ̀ wọlé láti ibi omi tí mo rán an. Ó rí obìnrin náà. Ó dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ṣé o ò rí àgbà ni?" Mo jágbe mọ́ ọn.

Dàpọ̀ gbé garawa sílẹ̀, ó sùn gbalaja lórí ilẹ̀ níwájú wa, àyà kan eruku.

Malama bú sẹ́rìn-ín. Lójijì ló dákẹ́. Ó yí orí padà láàárín orúnkún mi, ó wojú mi.

"Ìwọ lo kọ́ ọ ní nǹkan yẹn?" Hausa ló fi bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí a ṣe ń kí àgbà nílùú wa nìyẹn. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀.

"Wallahi, mi ò mọ̀," ó ní. "Mo rò pé ọmọ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ kó wá síwájú pátákó, ńṣe ló máa kọ́kọ́ sùn sílẹ̀ báyìí. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Mai Kwanciya. Mo nà án lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá pè é, kì í jáde mọ́. Mo bi í ní ìbéèrè, á wolẹ̀. Mo rò pé etí ló ń dùn ún. Nígbà tó yá mo rò pé kò mọ nǹkan kan ni."

Mai Kwanciya: ẹni tó ń sùn sílẹ̀. Mo wo àyà aṣọ ọmọ mi. Gbogbo eruku tí mo ti fọ̀ láti ìgbà Kérésì padà wá síwájú mi. Ojú tì mí, inú bí mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ọwọ́ mi dúró nínú irun obìnrin náà.

"Mi ò sì rí ẹ rí," ó ní. "Àwọn ìyá yòókù máa ń wá. Mo ti ń rò ó pé bóyá ọmọ yìí ò ní ìyá nílé."

"Ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún yín," mo ní. "Nílùú wa, a kì í yọ tíṣà lẹ́nu."

"Haba, Maman Dàpọ̀! Ọ̀wọ̀ wo ló wà nínú kéèyàn máa sá fún èèyàn?"

Ladi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe Dàpọ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé wọ́n ń fi ọ́ ṣẹ̀sín?"

Ó wolẹ̀ títí. Ó wá ní, "Ẹ ní tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí n dákẹ́. Ẹ̀yin sì ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ mi jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́.  Mo lọ bu oúnjẹ fún un, mo fi ẹran tèmi kún un.

*

Ó kù kí n mọ ohun tí màá ṣe. Tí mo bá ní kó má dọ̀bálẹ̀ mọ́, Màámi á gbọ́, á ní òun ò ṣáà sọ? Tí mo bá ní kó máa bá a lọ, kò ní jáde síwájú pátákó láé, á fìdí rẹmi, Màámi á sì wá mú un. Ọ̀nà méjèèjì, Ògbómọ̀ṣọ́ ló já sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú un jókòó. Mo ní, "Níléèwé, ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Lóṣòó, sọ pé ina kwana, dìde, wo ojú Malama, kí o sọ̀rọ̀. Nílé, dọ̀bálẹ̀."

Ó rò ó. Ó ní, "Lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn, àwọn àgbà inú ìjọ wa ò tíì dáhùn rẹ̀ di òní. Mo ní, "Lójú ọ̀nà, wo ẹni tó ń bọ̀."

Èmi náà sì lọ síléèwé. Mo wọ bùbá tó dára, mo lóṣòó kí Malama bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀, orúnkún mi fẹ́ kanlẹ̀, mo fà á sókè. Obìnrin náà gbé àga fún mi. Mo bi í pé kí ni mo lè ṣe, èmi tí mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Kó máa kàwé sókè fún ẹ lójoojúmọ́," ó ní. "Kò pọn dandan kí o mọ ohun tó wà nínú ìwé. Ìwọ ṣáà jókòó tì í."

"Mi ò ráyè jókòó. Orí èèyàn ló ń wà lọ́wọ́ mi."

"Níbẹ̀ gan-an ni kó ti máa kà á."

Bó ṣe di pé Dàpọ̀ ń kàwé lórí pèpéle nìyẹn. Tó bá ti jẹun tán lọ́sàn-án, á gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa kà, èmi á máa dì. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò yé mi, àmọ́ mo mọ ohùn ọmọ mi, mo sì mọ ibi tó bá ti ń fo ọ̀rọ̀ kó lè tàn mí. Màá ní, "Padà síbẹ̀ yẹn." Á ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Màá ní kó má bi mí, kó padà. Tí ọ̀rọ̀ kan bá le, oníbàárà tí mò ń dì lórí á gbé orí sókè, á ní kó mú ìwé wá kí òun rí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn lórí ìṣirò rẹ̀ títí irun á fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ladi tí kò lọ síléèwé rí á máa pe ábídí tẹ̀lé e láti ìdí iná rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Bíbélì Yorùbá ni, nítorí ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ibẹ̀ lèmi náà sì ti máa ń gba ipò mi padà.

Lọ́jọ́ kan Malama yà sí wa, ó ní Dàpọ̀ nawọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì tọ̀nà, àmọ́ ó nawọ́. Ọmọ kan ní Mai Kwanciya fẹ́ sọ̀rọ̀. Dàpọ̀ dá a lóhùn pé, "Eh, na kwanta, amma na tashi." Lóòótọ́ ni mo sùn sílẹ̀, àmọ́ mo ti dìde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo kàn ń sunkún ni.

*

Nígbà tí iléèwé parí, Dàpọ̀ wà ní àárín kíláàsì, wọ́n sì gbé e lọ sí kíláàsì kẹrin láìjẹ́ pé wọ́n ṣàánú rẹ̀. Mo fi fóònù sọ fún Màámi. Ó ní, "Mi ò mọ̀wé. Tí wọ́n bá kọ irọ́ sí i, báwo ni màá ṣe mọ̀? Mò ń bọ̀ wá fi ojú mi rí i." Ọkọ mi wálé láti Àbújá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, òun àti Fúnmi ni. Báàgì òfìfo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ aṣọ ẹni tó fẹ́ kó sínú rẹ̀.

Dàpọ̀ sáré jáde láti ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe ń sáré yẹn ló ti lóṣòó: "Ina wuni, Mama!"

 Ó gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó wò mí, ó wo ìyá àgbà rẹ̀, láti orí ìlóṣòó yẹn ló sì ti nà tán sílẹ̀, eruku sọ. "Ẹ káàsán mà, Màámi. Ẹ kú ìrìn."

Màámi dúró. "Méjì ló kí mi yìí o. Èwo ni kí n dáhùn?"

"Ẹ dáhùn méjèèjì, Màámi," mo ní. Mi ò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá.

Ó jókòó sórí pèpéle, ó mu omi, ó ní kí ọmọ wá ka nǹkan. Dàpọ̀ gbé àpótí rẹ̀ wá, ó ṣí Bíbélì sí Sáàmù. Ó kà á. Ó kọsẹ̀, ó padà sẹ́yìn láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó tún un kà. Ohùn Yorùbá rẹ̀ ń lọ sókè sódò níbi tí kò yẹ. Màámi dijú, ó ń gbọ́. Nígbà tó parí, ó yíjú sí ọkọ mi.

"Ó ń ka Yorùbá bíi Gàmbàrí tó ń da màlúù," ó ní. "Àmọ́ ó ń kà á. Ìwọ ò kàwé fún mi rí láyé ẹ."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ò ní kí n kà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní kí o kà á."  Ó wá ti báàgì òfìfo yẹn sábẹ́ àga pẹ̀lú ẹsẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ níbí. Ó rí ẹni gbọ́ tirẹ̀."

Bó ṣe parí nìyẹn. Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti Kérésì, gbólóhùn méjì ló kó o nílẹ̀. Títí di òní, tí wọ́n bá bi mí pé ibo ni ilé mi, mo máa ń ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń pè wá ní ará Òkè Ọya. Ní Minna, Yarbawa ni wá. Ó ti sú mi láti máa bínú sí i. Ibi tí ọmọ mi ti nawọ́ sókè, mi ò lè pe ibẹ̀ ní ìlú onílùú mọ́.

Inú mi dùn débi pé mi ò wo ẹ̀yìn. Fúnmi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní gbogbo ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ń kàwé. Òun kì í fìdí rẹmi. Ipò kìíní tàbí kejì ló máa ń gbà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa padà, mo gbá pèpéle, mo ń kó òòyà àti òwú jọ. Fúnmi wá dúró tì mí, ìwé kan wà ní àyà rẹ̀.

"Ìyá Minna, ta lẹ fẹ́ dì lórí lónìí?"

"Kò sí. Mo ti lé wọn, mo ní àlejò."

Ó dúró síbẹ̀. "Màámi máa ń sùn lọ tí mo bá ń kàwé fún wọn," ó ní. "Kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n ni." Ó gbé àpótí Dàpọ̀, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi. Orí rẹ̀ dé orúnkún mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í kó tó wá ni, irun náà kò tíì gbó rárá, ẹni tó dì í mọ iṣẹ́.

"Ẹ bá mi tú u," ó ní.

Mo tú u. Ó pẹ́ gan-an tí ọwọ́ mi ti kan orí yẹn kẹ́yìn. Àpá kékeré kan wà ní ẹ̀yìn etí rẹ̀ tí mi ò mọ ìgbà tó dé síbẹ̀. Mo bi í pé irú wo ló fẹ́ kí n dì, ṣé ṣùkú ni tàbí kólẹ́sẹ̀.

Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Èyí tó bá máa pẹ́ jù," ó ní.